Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, etí mi ni ó máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀, kí ojú tó jí. Fèrè àwọn ọmọ ogun ojú omi a dún láti Navy Town, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja a máa hó bọ̀ láti orí ọ̀sà, lẹ́yìn náà ni ohùn tí mo fẹ́ràn jù yóò bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé: ọ̀rá ẹja tí ń kán sórí ẹyín iná, ṣìì, ṣìì, bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyá mi ni wọ́n ń yan ẹja níbẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yẹn, mo mọ̀ pé ilé tòrò. Ilé wa ní Òjó kò jìnnà sí etí omi. Agbo ilé bàbá mi ni, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ẹ̀gbọ́n wọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ràfíù sì ni olórí ilé. Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì, ni wọ́n ni ààrò ńlá tí a fi amọ̀ mọ. Wọ́n ti fa iṣẹ́ ẹja yíyan lé ìyá mi lọ́wọ́ nítorí ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́. Èmi Wàsíù, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi bí, ni mo máa ń kó èèpo àgbọn sí ìdí ààrò kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Bíríkìlà ni mí báyìí, irun ti ń funfun lórí mi, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà láti ọdún náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá. Mo fẹ́ rò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀, láì fi kún un, láì yọ kúrò níbẹ̀.

Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ní àdúgbò wa kì í lo ẹ̀mú, wọn kì í sì í lo ṣíbí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí ẹja padà lórí iná, nítorí ọwọ́ ń gbọ́ ohun tí ojú kò lè rí. Ẹja lè gbẹ lójú, kí omi ṣì wà lára eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Àtàǹpàkò tí a bá fi tẹ ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni yóò sọ òótọ́. Ìyá Àgbà a máa wí pé, “Ọwọ́ tó bá ń sá fún iná kì í jẹ ẹja tó jinná.” Ìyàwó tuntun tó bá dé ilé wa, omi iyọ̀ ni yóò máa ki ìka bọ̀, yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, àwọn àgbà yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gbó. Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí dúró pẹ́ lórí iná ní ọdún náà, tí wọn kì í fà á sẹ́yìn mọ́, ayọ̀ ni ó jẹ́ fún gbogbo ilé. Wọ́n sọ wọ́n ní Ọlọ́wọ́ Irin. Bí a bá jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná àti ata tí a fi epìyà sí, Bàbá Ràfíù a máa pàṣẹ pé, “Ọlọ́wọ́ Irin, bá wa ṣí ewé ẹ̀kọ yìí, tiwa ò lè gbà á.” Ìyá mi a rẹ́rìn-ín, wọ́n a sì ṣí i. Èmi nìkan ni mo ń rí àwọn nǹkan mìíràn. Bàtà rọ́bà a bọ́ kúrò ní ẹsẹ̀ òsì ìyá mi, wọ́n a sì máa rìn lọ láìmọ̀, títí mo fi máa pè wọ́n pé, “Màámi, bàtà yín.” Ojú ibì kan tún wà ní apá wọn tí ó ṣá, tí ó funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, bí ibi tí omi iyọ̀ gbẹ sí. Kò yún wọn, kò sì dùn wọ́n. Èmi tí mo rí i, kí ni mo fi ṣe? Mo gbà pé àmì ọgbọ́n iṣẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn oníbàárà mẹ́ta wá láti Ìyànà Ìbà láti kó ẹja. Ràfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, ń bá mi ṣe àríyànjiyàn lẹ́bàá ààrò. Mo ní kò sí ìyá ẹnikẹ́ni ní Òjó tó lè di ẹyín iná mú bí ìyá tèmi. Ó ní, “Irọ́ lo ń pa. Ṣé ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni ìyá ẹ ni?” Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà gbọ́, ó sì kọjú sí ìyá mi: “Ìyá Wàsíù, ẹ dá ọmọ yín láre, ẹ jẹ́ ká fẹ̀rín lọ sílé.” Ìyá mi mi orí, wọ́n sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ràn mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú ẹyín iná kan tí kò tóbi ju ẹ̀kùrọ́ lọ, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́bàá ìka ọmọńdinrín. “Ẹ kà á,” ni wọ́n wí. A bẹ̀rẹ̀ sí kà. Nígbà tí a dé ẹẹ́fà, òórùn kan wọ imú mi. Kì í ṣe òórùn ẹja, kì í sì í ṣe ti èèpo àgbọn. Mo wo ojú ìyá mi: ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń bá wa kà á. Imú mi ni ó mọ̀ kí ọwọ́ ìyá mi tó mọ̀. Mo gbá ọwọ́ náà, iná ṣubú, gbogbo wa sì rí ihò pupa kékeré tí ó dá sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìyá mi wò ó. “Kò mà dùn mí,” ni wọ́n wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yà lẹ́nu; kí wọ́n tó pa ẹnu dé, mo rí ẹ̀rù tí ó wọ ojú wọn. Ràfíù kò rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó dá eré náà sílẹ̀ rọra dá ẹja rẹ̀ padà sínú àwo, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan ní ọ̀nà Ìbà, láì sọ fún ará ilé. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan, ọmọ Ẹ̀gbá nípa ohùn ẹnu wọn, ni wọ́n wẹ egbò náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìyá mi kò pa ojú dé bí oògùn ti ń ta sí egbò, wọ́n dúró. Wọ́n wo ojú ibi tó ṣá ní apá. Wọ́n já òwú díẹ̀, wọ́n lọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó tín-ín-rín. “Ìyá Wàsíù, ẹ dijú. Ibi tí mo bá ti fi òwú kàn yín, ẹ fi ìka tọ́ ọ.” Nọ́ọ̀sì fi òwú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyá mi tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kan èjìká. Ìyá mi tọ́ èjìká. Ó jọ eré lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni òwú kan ojú ibi tó ṣá. Ìyá mi kò mira. Ó kan ìka ọmọńdinrín, ó kan ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá mi jókòó, ojú wọn dì, wọ́n tẹ́tí bí ẹni tí ń dúró kí a pe orúkọ òun. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ni?” Nọ́ọ̀sì wo èmi, wọ́n kò wo ìyá mi. “A ti ṣe é tán, ìyá mi. Ẹ la ojú.” Títí di òní, nínú gbogbo ohun tí etí mi ti gbọ́ láyé, n kò tíì gbọ́ èyí tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá ìka ìyá mi ti kú. Nọ́ọ̀sì kò lé mi dànù. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi í kan ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi, níbi kòtò eegun: okùn kan wà níbẹ̀ lábẹ́ awọ, ó le, ó sì ki bí okùn ìwọ̀ àwọn apẹja. Wọ́n fi í kan tèmi: tèmi tín-ín-rín, ó sì ń yọ̀ lọ. Wọ́n ní, “Ìka kì í mọ iná, ọmọ mi. Orí ló ń mọ̀ ọ́n. Awọ ara wa kún fún olùṣọ́: òmíràn ń ṣọ́ ooru, òmíràn ń ṣọ́ òtútù, òmíràn ń ṣọ́ ohun tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́, òmíràn ń ṣọ́ ìrora. Tí iná bá kàn wọ́n, wọ́n á rán ìránṣẹ́ gba inú iṣan yìí, yóò gba apá, yóò wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò ti gòkè lọ sí ọpọlọ. Ọ̀pá ẹ̀yìn tilẹ̀ gbọ́n: kì í dúró de orí. Kí orí tó sọ pé iná nìyí, ó ti pàṣẹ, ọwọ́ ti yẹ̀ kúrò.” Mo ní ti ìyá mi ń kọ́? Wọ́n ní kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ti dènà de ìránṣẹ́ náà ní ìgbọ̀nwọ́. Olùṣọ́ ooru ni ó kọ́kọ́ dákẹ́, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n dárúkọ àìsàn náà fún ìyá mi: ẹ̀tẹ̀. Mo rí bí ìyá mi ti fa ọwọ́ méjèèjì wọ abẹ́ ìró. Nọ́ọ̀sì tún sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ rere ni gbogbo rẹ̀: pé oògùn wà, pé ọ̀fẹ́ ni, pé oṣù méjìlá ni a ó fi lò ó, pé láìpẹ́ tí ìyá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, wọn kò ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀lára tó ti lọ lè má padà, nítorí náà ojú ni kí ó máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ìyá mi ń mi orí. Èmi kò gbọ́ ju orúkọ náà lọ. Bí a ti ń padà sílé, ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní, “Wàsíù, ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ ni ibojì rẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ẹ̀rù tó bá mi ní oṣù tó tẹ̀lé e, ọmọdé kan kò yẹ kó dá a gbé. Gbogbo ènìyàn ló mọ bí ó ti ń rí bí ìgbọ̀nwọ́ bá ṣèèṣì gbá nǹkan: mànàmáná kan á sáré dé ìka ọmọńdinrín. Ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ bóyá ìránṣẹ́ tèmi ṣì ń rìn. Ní àràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, mo máa ń gbá ìgbọ̀nwọ́ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Bí mànàmáná náà bá le, ọkàn mi á balẹ̀ títí di ìyálẹ̀ta. Bí kò bá le tó ti àná, mo tún un gbá, títí ojú ibẹ̀ fi wú, tí wíwú náà sì tún dẹ́rù bà mí. Mo gbìyànjú láti dijú kí n sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ẹsẹ̀ ara mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀tàn ni: ọwọ́ tó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ ti sọ fún orí tẹ́lẹ̀. N kò lè bẹ ẹnikẹ́ni láti kàn mí láì sọ ìdí rẹ̀. Ni mo bá rí ọgbọ́n kan dá. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, n ó gbé hóró àgbàdo sórí ẹsẹ̀, n ó dijú, n ó sì dúró de adìẹ Ìyá Àgbà kó wá ṣa á jẹ. Adìẹ kì í sọ ìgbà tó fẹ́ ṣá nǹkan fún ènìyàn. Bí ó bá ṣá mi, tí ó sì dùn mí, inú mi a dùn débi pé omi á bọ́ lójú mi.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ràfíù ti bá mi. Wọn kì í ṣe ìkà ènìyàn nígbà náà. Àwọn ni wọ́n ń fún mi ní ṣúgà onígun láti inú àpò wọn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n lóṣòó níwájú mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi. “Wàsíù, adìẹ ni ìwọ náà fẹ́ dà ni? Kí lò ń fi àgbàdo ṣe lórí ẹsẹ̀?” Mo ní, “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìránṣẹ́ mi ṣì ń rìn ni, bàbá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìránṣẹ́ wo nìyẹn?” Ẹ̀rù ti pọ̀ jù fún mi láti dá gbé, àgbà nìyí tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ìka wọn sì móoru lára mi. Mo sọ ohun gbogbo. Mo dárúkọ àìsàn náà. Mo rántí bí ìka ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń kúrò ní èjìká mi, tí mo lè kà wọ́n, àtàǹpàkò ni ó kẹ́yìn. Bàbá Ràfíù dìde, wọ́n lọ sídìí ìkòkò omi, wọ́n wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n pe àwọn àgbà agbo ilé jọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn alájọgbé náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi mú káàdì oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ wá. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nà án sí Bàbá Ràfíù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kà á. Mo ti ń lo oògùn, nọ́ọ̀sì ní kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́.” Bàbá Ràfíù kò gbà á. Wọ́n ní, “Ìyá Wàsíù, gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, mo ti rí i.” Wọ́n kọjú sí àwọn ènìyàn: “Adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Ẹja la fi mọ ilé yìí. Ta ni yóò tún rà á?” Ẹnìkan ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ bi nọ́ọ̀sì náà léèrè. Bàbá Ràfíù fi ọwọ́ dá a dúró. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí wọn. “Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ mi,” ni wọ́n wí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ohùn wọn kò sì dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ràfíù ní kí Ràfíù da omi sínú ààrò. Ààrò náà ṣì gbóná láti àárọ̀. Bí omi ti kàn án, ó han gooro, ó sì là sí méjì. Ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ títí di òní bí mo bá rí amọ̀ tó gbẹ. Ọwọ́ ìyá mi ṣì na káàdì náà. Wọ́n wò mí, n kò sì rí ìbínú lójú wọn. Ì bá sàn fún mi bí mo bá rí i.

Wọ́n lé wa kúrò nílé; yàrá kan ní Òkòkòmáìkò ni a bá ara wa. Ìwé mi parí síbẹ̀, ní ìwé kárùn-ún, nítorí ìyá mi nílò ọwọ́ tó ń gbọ́ nǹkan. Èmi ni mo ń tọ́ omi ìwẹ̀ wò, èmi ni mo ń gbé ìkòkò sọ̀, èmi ni mo ń gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, tí mo sì ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò ní ìrọ̀lẹ́ fún ìṣó, fún ẹ̀gún, fún àfọ́kù ìgò. Oṣù méjìlá pé, nọ́ọ̀sì fún wọn ní ìwé pé ara wọn ti dá. Ìyá mi gbé e dé Òjó. Bàbá Ràfíù dá wọn dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ìwé kò lè yan ẹja. Ìka méjì ti ká kò lọ́wọ́ ìyá mi láti ìgbà náà, ìyẹn sì ni gbogbo ayé ń wò. Àgbọn ni wọ́n ń tà títí ọjọ́ ogbó fi dé. Wọn kò tún yan ẹja mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù nìyẹn.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, Ràfíù pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Wàsíù, Bàbá ní kí o wá. Wọn ò sọ nǹkan tí wọ́n fẹ́.” Mo bá Bàbá Ràfíù nínú yàrá, arúgbó, àtọ̀gbẹ ti jẹ wọ́n gbẹ. Wọ́n ní kí Ràfíù jáde, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ ilẹ̀ mọ́.” Ìṣó kan ti wà nínú bàtà wọn láti mọ́ṣáláṣí délé, ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ-ọmọ wọn rí lórí táìsì ni ó sọ fún wọn. Mo fa òwú yọ lára ìrọ̀rí wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ dijú. Ibi tí mo bá ti kàn yín, ẹ tọ́ ọ.” Mo kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n tọ́ ọ. Mo kan orúnkún, wọ́n tọ́ ọ. Mo kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, mo kan ti òsì, mo kan ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jókòó, ojú wọn dì, wọ́n tẹ́tí. “Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

“Mo ti ṣe é tán, bàbá.”

Wọn kò tètè la ojú. Nígbà tó yá, wọ́n di apá mi mú. “Wàsíù, má jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́. O mọ bí ẹnu wọn ṣe rí. Wọ́n á pè é ní nǹkan mìíràn.” Mo ní mo mọ̀. Mo wẹ egbò náà. Mo kọ́ wọn bí a ti ń gbọn bàtà, mo ní kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tọ́ omi gbígbóná wò, mo sì mú kí Ràfíù gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo fẹ́: kí wọ́n pe àwọn ènìyàn jọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti pè wọ́n jọ nígbà yẹn, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ara Ìyá Wàsíù ti dá, pé ilé yìí ṣẹ̀ wọ́n. Kí ìyá mi gba iwájú wọlé kí wọ́n tó kú. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Bàbá Ràfíù ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi ní Òkòkòmáìkò. Wọn kò bi mí bóyá Bàbá Ràfíù bẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé o wo àárín àwọn ìka ẹsẹ̀? Ibẹ̀ ni egbò máa ń fara pamọ́ sí.” Ní báyìí, mò ń lọ sí Òjó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ gbogbo. Bàbá Ràfíù á ní kí n ti ilẹ̀kùn. N ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan mi, n ó yẹ àárín ìka wò, wọn kò sì ní mọ̀ pé mo dì í mú àyàfi bí wọ́n bá wò ó. Bí mo bá ṣe é tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: “Bàbá, ṣé òní ni?” Wọ́n á wo ilẹ̀kùn tí a tì. A máa ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. N kì í tètè gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.